Aṣọ Àrán Mi àti Ìró Ìyá Dúró

Àlímótù onígàrí ló kọ́kọ́ gbé ìròyìn náà wá fún mi. Kò wọlé, ẹnu ọ̀nà ṣọ́ọ̀bù ló dúró sí, ó ní: "Ìyá Elépo, ṣé ẹ mọ̀ pé aṣọ àrán yín ni obìnrin òṣìkà inú eré yẹn ń wọ̀?" Ká ní ó dákẹ́ ni, tàbí ká ní mo bi ẹni tó yẹ kí n bi léèrè ọ̀rọ̀, bóyá Ìyá Elépo ni wọn ì bá ṣì máa pè mí. Lónìí, bí mo bá ń kọjá lọ ní Ayédé yìí, àwọn ọmọ tí a kò tíì bí nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ òwò a máa sọ fún ara wọn pé, "Ìyá Kò-Dànù ló ń lọ yẹn." Wọn kì í pariwo rẹ̀. Wọ́n ń rọra sọ ọ́ ni, ìyẹn ló sì dùn mí jù, nítorí ohun tí ènìyàn bá rọra sọ ni ó dá a lójú. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mi ò mọ̀ yín, ẹ̀yin náà ò mọ̀ mí. Bóyá ẹ ti fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ rín in, mi ò lè dá a dúró. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá rín in tán, ẹ wá sọ fún mi bóyá kí n jókòó sí ìlú yìí tàbí kí n di ẹrù mi kí n padà sí Ìrèlé níbi tí bàbá mi ti bí mi, torí ọ̀rọ̀ náà ti sú mi.

Opó ni mí. Ọkọ mi ní oko kòkó lọ́nà Odò-Orò. Kí ilẹ̀ ibojì rẹ̀ tó gbẹ, àwọn àbúrò rẹ̀ ti wọlé, wọ́n gba oko, wọ́n gba kẹ̀kẹ́, wọ́n gba rédíò, wọ́n tilẹ̀ ka àwo tí mo fi ń jẹun. Èyí tó jẹ́ àbíkẹ́yìn wọn, tí èmi fúnra mi tọ́ dàgbà, òun ló tú àpótí mi wò. Ohun kan ṣoṣo ló yọ lọ́wọ́ wọn, aṣọ àrán dúdú bí aró tí ọkọ mi rà fún mi lọ́dún tí kòkó lówó lórí. Ó wà lọ́dọ̀ télọ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n wá. Mo fi sílẹ̀ níbẹ̀ títí wọ́n fi kó tiwọn lọ tán. Láti ìgbà náà ni mi ò ti gba ẹnikẹ́ni gbọ́ mọ́. Bí oníbàárà bá san owó fún mi, mo máa gbé e sókè sí oòrùn kí n wò ó bóyá ayédèrú ni, ìbáà jẹ́ àlùfáà ìjọ ló san án. Bí ẹnìkan bá kí mi ju bó ṣe ń kí mi tẹ́lẹ̀, ọkàn mi ti ń béèrè ohun tó fẹ́ gbà. Mo ru epo fún olówó kí n tó di ẹni tó ń rán ènìyàn ru epo. Atàrí mi pá láàárín títí dòní. Nítorí náà kí ẹnikẹ́ni má sọ pé mi ò mọ ìyà.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí aṣọ ṣe rí nílùú wa, kí ọ̀rọ̀ mi lè yé yín. Ní Ayédé, a mọ aṣọ mọ́ ènìyàn. Bí ẹ bá gbé aṣọ tó dára jù nínú àpótí mi kọ́ sórí okùn, ẹni tó ń bọ̀ láti oko yóò dúró níbi tó wà, yóò ní, "Ìyá Elépo, ẹ kú ilé o," láìrí ojú mi. Bí ìyàwó tuntun bá yá aṣọ ìyá ọkọ rẹ̀ wọ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, ìyá ọkọ ni wọn yóò máa kí lára rẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló rí nínú eré orí ìtàgé tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ máa ń ṣe nígbà ìkórè. Yíyá ni wọ́n ń yá aṣọ, bí aṣọ tí a mọ̀ bá sì ti jáde, gbogbo gbọ̀ngàn á pe orúkọ ẹni tó ni ín. Bàbá kan wà tó yá wọn ní agbádá fún ọba Sólómọ́nì, odindi ọdún kan ni wọ́n fi ń pe bàbá náà ní Kábíyèsí, tó sì ń rẹ́rìn-ín sí i. Iyì ni. Kò sí ẹni tí ó ń yá aṣọ tálákà ká pe orúkọ rẹ̀. Ta ló mọ aṣọ tálákà?

Obìnrin kan ń bá mi ṣiṣẹ́ nígbà náà, Ìyá Dúró ni wọ́n ń pè é. Ọkọ rẹ̀ ti lọ ṣe àgbàṣe lọ́nà Oǹdó, kò sì padà wá mọ́. Òun ló máa ń lọ bá mi gbé epo láti Odò-Orò àti Ìrèlé, lórí ọ̀kadà, á gbé kẹ́ẹ̀gì sáàárín òun àti ẹni tó ń gùn ún, á dì í mú bí ọmọ. Ó ní kí n má san owó òun díẹ̀díẹ̀. Ó ní, "Màmá, ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ di ìgbà tí epo bá tán nígbó, mo fẹ́ fi ra páànù. Òjò ń pa mí nínú ulé." Ẹ gbọ́ o. Òun ló gba tèmi gbọ́. Èmi ni mi ò gba tirẹ̀ gbọ́.

Ìró kan ló ní tó máa ń wọ̀ lọ síbi iṣẹ́, ànkàrá aláwọ̀ ilẹ̀ tí wọ́n ya lékèélékèé funfun sí lára. Mo mọ̀ ọ́n torí ojoojúmọ́ ni mo ń rí i. Ó wọ̀ ọ́ jáde ní ọjọ́ kan, ó di ìrọ̀lẹ́, ó dé lọ́wọ́ òfo, ìró mìíràn ló sì wà nídìí rẹ̀, ó mọ́ tónítóní. Ó ní ọ̀kadà ṣubú pẹ̀lú àwọn níwájú Ìtàjí, kẹ́ẹ̀gì bẹ́, epo dànù. Mo wò ó látorí délẹ̀. Mi ò rí ẹ̀kán epo kan. Mo ní, "Epo kẹ́ẹ̀gì kan dànù, kò ta sí ọ lára?" Ó ní ó dà lé òun lórí ìró, ìyá àgbà kan létí ọ̀nà ló bu omi fún òun wẹ̀, tó sì yá òun ní aṣọ. Mo ní, "Gbé ìtàn yẹn lọ fún ẹni tí kò tajà rí." Lójú tèmi, ọ̀rọ̀ ti yé mi: ó ti ta epo mi, ó sì ti fi ra ìró tuntun. Ó tún fẹ́ sọ̀rọ̀, mo ti kọ ẹ̀yìn sí i. Mo ní owó rẹ̀ tó wà lọ́wọ́ mi ti di owó epo, kí ó máa lọ ulé rẹ̀. Owó iṣẹ́ rẹ̀ ju owó epo yẹn lọ dáadáa. Mo mọ̀. Mi ò ní purọ́ fún yín.

Kò bá mi jà. Ìyẹn gan-an ló jẹ́ kí n fura sí i jù. Mo ní ẹni tí kò jalè ì bá ti ké títí ìlú á fi gbọ́. Nígbà tí mo dé ọjà Ọ̀yẹ́, mo rọra fẹnu sí etí àwọn obìnrin tí a jọ ń ta epo. Mo ní kí wọ́n ṣọ́ ọwọ́ Ìyá Dúró. Bí wọ́n ṣe ń sọ ọ́ láti etí dé etí nìyẹn, ẹnikẹ́ni kò pè é síṣẹ́ mọ́. Ó lọ jókòó sí etí títì, ó ń fi òkúta pa ẹkùrọ́ fún àwọn tó ń ṣe àdín. Òjò tó rọ̀ lọ́dún náà rọ̀ sí i lórí bó ṣe ń rọ̀ sínú agbo ewúrẹ́. Mo máa ń gba ibẹ̀ kọjá, òkìtì ẹkùrọ́ bo ìdí rẹ̀, èmi ò sì dúró wò ó. Yóò kí mi, "Ẹ kú uṣẹ́, Màmá," èmi náà á dáhùn, inú mi á máa sọ pé, wò ó, olè tó ń kíni dáadáa.

Ìkórè ọdún tó tẹ̀ lé e ni ọ̀rọ̀ eré dé. Ọdún yẹn ni fóònù alágbèéká ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ọ̀dọ̀ wa, tí àwọn ọlọ́lá máa ń gun orí òkè lọ wá ibi tó ti ń mú. Àgùnbánirọ̀ kan wà nílé ẹ̀kọ́ girama, Tósìn lorúkọ rẹ̀, ọmọ Ìbàdàn, ó kéré, ó ń wọ awò ojú. Ìjọ ní kó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní eré. Ó wá kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù mi, ó ní, "Màmá, wọ́n ní kò sí aṣọ tó tó tiyín ní gbogbo ìlú yìí." Orí mi wú. Mo bi í pé ta ni yóò wọ̀ ọ́ nínú eré. Ó ní ìyàwó olówó ni. Èmi ọmọ àgbẹ̀ Ìrèlé, aṣọ mi ni wọ́n fẹ́ fi mọ ìyàwó olówó. Mo gbé e fún un. Ṣùgbọ́n mi ò gbé e lásán, mo gba aago ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀ ní ìdógò, mo sì ní bí epo tàbí ọbẹ̀ bá kàn án, kí ó má wá béèrè aago mọ́. Ó rẹ́rìn-ín. Ó rò pé mò ń ṣeré.

Ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn ibi tí wọ́n ti ń kọ́ eré náà ni Àlímótù máa ń pàtẹ gàrí sí, ó sì máa ń yọjú wò wọ́n. Bó ṣe sọ̀rọ̀ aṣọ yẹn fún mi tán, mo ní kí ló ń ṣẹlẹ̀ nínú eré. Ó ní, "Obìnrin olówó kan ni. Kò san owó ọmọ ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ọmọ ìyẹn ṣàìsàn, kò rówó tọ́jú rẹ̀, ó kú." Mo ní, "Ta ló sọ ìtàn yẹn fún wọn?" Ó ní, "Èwo ni ta ló sọ ọ́? Mo kàn sọ ohun tí mo rí ni o. Eré ni, ẹ má fi ṣèbínú." Mo wo ojú rẹ̀ dáadáa. Àlímótù mọ̀ pé mi ò san owó Ìyá Dúró, ó wà ní ṣọ́ọ̀bù lọ́jọ́ tí mo gbẹ́sẹ̀ lé e. Ṣé òun ló lọ sọ fún wọn ni? Àbí ó wá fẹ́ wo bí ojú mi yóò ṣe rí? Mi ò ta epo tó fẹ́ rà fún un lọ́jọ́ náà, mo ní ó ti tán, bẹ́ẹ̀ ni kẹ́ẹ̀gì wà lẹ́yìn mi.

Ní ọjọ́ kejì, mo gba ẹ̀gbẹ́ ilé Ìyá Dúró kọjá. Ta ni mo rí tó ń jáde bọ̀? Àgùnbánirọ̀. Ó fi ọ̀rá dúdú kan há abíyá, Ìyá Dúró sì ń sìn ín sọ́nà. Ẹ̀yin tí ẹ ń kàwé yìí, ṣé a tún ń wá ẹlẹ́rìí? Ó ti yé mi. Ìyá Dúró ti sọ ọ̀rọ̀ mi fún Tósìn, Tósìn ti fi ẹ̀tàn gba aṣọ mi kí gbogbo ìlú lè mọ ẹni tí wọ́n ń bú. Ẹnìkan á ní kí ló dé tí mi ò lọ gba aṣọ mi padà. Bí mo bá gbà á, ṣé kì í ṣe pé mo ti gbà pé èmi ni? Mo fi sílẹ̀ fún wọn. Mo ní kí wọ́n pe orúkọ mi, kí n sì dáhùn. Mo ro ohun tí mo máa sọ títí ó fi di ọ̀rọ̀ àkọ́sórí.

Ọ̀sán ọjọ́ ìdúpẹ́ ìkórè ni wọ́n ṣe é. Tábìlì ilé ìwé ni wọ́n tò pọ̀ tí wọ́n fi ṣe ìtàgé. Àwọn èèyàn ńláńlá jókòó níwájú lórí àga tí wọ́n gbé wá láti ilé: olóyè kan tó ní oko kòkó, ọ̀gá ilé ìwé tó ti fẹ̀yìn tì, ọkùnrin tó ní ibi tí wọ́n ti ń la pákó. Wọ́n fi èmi sí bẹ́ǹṣì tó wà lẹ́yìn wọn, nítorí aṣọ tí mo yá wọn. Àwọn Mùsùlùmí wà níbẹ̀, àwọn Kátólíìkì wà níbẹ̀, ojú fèrèsé kún fún àwọn tí kò rí ibi jókòó. Ọmọbìnrin télọ̀ ló ṣe ìyàwó olówó. Bó ṣe gbé ẹsẹ̀ kan jáde, gbogbo gbọ̀ngàn hó: "Ìyá Elépo! Ìyá Elépo!" Aṣọ ni wọ́n ń kí. Lọ́dún mìíràn ǹ bá ti dìde, ǹ bá ti juwọ́ sí wọn. Ṣùgbọ́n lójú mi, bí ìgbà tí wọ́n ń sọ òkúta lù mí ni. Wọ́n ní a sọ̀kò sọ́jà, ará ilé ẹni ló ń bá. Èmi ò tilẹ̀ dúró kí òkò bà mí, mo gbé orí lọ pàdé rẹ̀.

Eré náà ń lọ. Ọmọ ọ̀dọ̀ fi ayọ́ọ̀nù jó léèsì ìyàwó olówó, ìyẹn ní òun ò ní san owó rẹ̀ mọ́. Ọmọ ọ̀dọ̀ lọ bá ọkọ, ọkọ ní ọ̀rọ̀ obìnrin ni. Ó lọ bá alábàágbé, ìyẹn ní kò kan òun. Ó lọ bá olórí ìjọ, ìyẹn ní kó lọ gbàdúrà. Àwọn tó wà níwájú ń rẹ́rìn-ín, ọ̀gá ilé ìwé ń pàtẹ́wọ́, bí ẹni pé àwọn ará ìlú mìíràn ni wọ́n ń fi ṣe ẹlẹ́yà. Ìgbà tó yá, ọmọ ọ̀dọ̀ tún padà wá kúnlẹ̀ síwájú ìyàwó olówó, láti bẹ̀ ẹ́ nítorí ọmọ rẹ̀ tó ń kú lọ. Wọ́n ti pààrọ̀ ìró rẹ̀. Mo rí lékèélékèé. Ìró Ìyá Dúró ni. Aṣọ tèmi dúró, aṣọ tirẹ̀ kúnlẹ̀ níwájú rẹ̀, lójú gbogbo ìlú.

Mi ò mọ bí mo ṣe dé orí ìtàgé. Wọ́n ní mo gba àárín olóyè àti ọ̀gá ilé ìwé kọjá, mo sì ta fìlà ọ̀kan nù. Mo kọjú sí gbọ̀ngàn, mo ní, "Irọ́ ni. Kò dànù. Epo mi kò dànù, títà ló tà á. Mi ò jẹ Ìyá Dúró ní kọ́bọ̀. Ẹni tí epo dà sí lára, ibo ni epo wà lára rẹ̀? Kò dànù, mo ní kò dànù."

 Bàbá arúgbó kan ló sọ̀rọ̀ láti ẹ̀yìn, kò fi ṣe ẹ̀fẹ̀, ohun tó rú u lójú ló ń béèrè. Ó ní, "Ìyá Elépo, léèsì ló jóná nínú eré yìí. Ta ló dárúkọ epo?" Ẹlòmíràn ní, "Ta tilẹ̀ ni ń jẹ́ Ìyá Dúró?" Ẹ̀rín bẹ́. Ẹ̀rín náà pọ̀ débi pé àwọn ewúrẹ́ tó sùn sẹ́yìn gbọ̀ngàn sá lọ. Ojú tì mí, ṣùgbọ́n ẹnu mi ò tíì kú. Mo bá di ìró ìdí ọmọbìnrin tó kúnlẹ̀ mú, mo fẹ́ gbé e sókè kí n fi han gbogbo èèyàn pé ìró Ìyá Dúró rè é, ẹ wá wo bó ṣe mọ́. Ìgbà náà ni mo wò ó. Láti ibi ìdí títí dé ìṣẹ́tí, àwọn lékèélékèé tí a mọ̀ mọ́ ẹfun ti pọ́n bí àlùkò. Epo. Èmi tí mo ti ń ta epo látìgbà tí irun mi ti dúdú, ta ni yóò kọ́ mi ní àbàwọ́n epo? Kì í ṣe èyí tó ta síni lára níbi tí a ti ń dín àkàrà. Èyí tó bẹ́ láti inú kẹ́ẹ̀gì, tó dà lé ènìyàn lórí itan, tí wọ́n fọ̀ títí tí kò lọ, ni. Ẹ̀rí tí mo ní kó mú wá, òun ni mo dì mú lọ́wọ́. Mo jọ̀wọ́ rẹ̀.

Mo gbójú sókè, mo rí Ìyá Dúró. Ojú fèrèsé ló wà, láàárín àwọn tó dúró síta. Gbogbo àwọn tó yí i ká ń rẹ́rìn-ín, òun kò rín. Ó wò mí bí ènìyàn ṣe ń wo ọ̀nà tó jìn, ó sì yí padà, ó lọ.

Wọ́n mú mi sọ̀kalẹ̀. Ọ̀gá ilé ìwé ń mirí, ó ní, "Ìbẹ̀rù Ọlọ́run ò sí mọ́." Mo mọ̀ ọ́n, ọ̀gá ilé ìwé yẹn. Mo mọ alágbàfọ̀ tó ń fọ aṣọ rẹ̀, ọ̀fẹ́ ni ìyẹn ń fọ̀ ọ́ látọdún mélòó kan. Mo mọ àwọn alágbàṣe tí olóyè ń fi òní dónìí fi ọ̀la dọ́la lórí oko kòkó, torí ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n ti ń ra epo láwìn. Wọ́n parí eré náà. Ní ìparí, ọmọ ọ̀dọ̀ gbé òkú ọmọ dání, ó bi gbogbo gbọ̀ngàn pé, "Nínú yín, ta ló pa ọmọ yìí?" Gbogbo orí yí padà, wọ́n wo èmi. Olóyè wò mí. Alápákó wò mí. Eré tí wọ́n ṣe fún gbogbo wa, èmi nìkan ni wọ́n di ẹ̀bi rẹ̀ rù, wọ́n nu ẹnu, wọ́n lọ ilé. Mi ò ní mi ò jẹ̀bi. Ohun tí mò ń sọ ni pé ibùsùn wọn rọ̀ wọ́n lọ́rùn lọ́jọ́ náà, tèmi kò rọrùn.

Àgùnbánirọ̀ wá dá aṣọ padà, ó sì gba aago rẹ̀. Mo ní kó má purọ́ fún mi, ta ló sọ ọ̀rọ̀ mi fún un. Ojú rẹ̀ pọ́n. Ó ní, "Màmá, ìtàn ìyá mi ni mo kọ. Aṣọ ni ìyá mi ń fọ̀ fún wọn ní Ìbàdàn. Ẹni tó kú nínú eré yẹn, ẹ̀gbọ́n mi ni." Mo ní, Ìyá Dúró ńkọ́? Ó ní ìró tó ti bàjẹ́ lòun ń wá, ẹnìkan júwe obìnrin tó ń pa ẹkùrọ́ fún òun. Òun bi í pé kí ló ba ìró náà jẹ́. Obìnrin náà ní epo ni. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ó kàn bẹ òun pé kí òun dá a padà, torí kò ní méjì.

Mo lọ bá Àlímótù. Mo ní, "O mọ̀ pé mi ò san owó obìnrin yẹn." Ó ní, "Mo mọ̀." Mo ní, "Kí ló dé tí o ò bá mi wí?" Ó ń fi kọ́ńgò wọn gàrí, kò tilẹ̀ wo ojú mi. Ó ní, "Ìyá Elépo, àwìn ni mo fi ń ra epo lọ́wọ́ yín. Ẹnu wo ni kí n fi bá yín wí?" Wọ́n ní ẹni tó gbé epo lájà kò jalè tó ẹni tó gbà á sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo fẹ́ fi òwe yẹn bú u, mo rí i pé èmi ni mo wà lórí àjà, mo sì gbé e mì.

Èmi àti òun la jọ lọ. Ìyá Dúró wà nídìí òkúta rẹ̀, ó ń pa ẹkùrọ́. Mo gbé owó rẹ̀ kalẹ̀, gbogbo rẹ̀, mi ò yọ owó epo. Mo ní, "Owó uṣẹ́ rẹ rè é. Epo dànù, mo ti rí i." Mo fẹ́ kó bú mi. Bó bá bú mi, ọ̀rọ̀ á tán. Ó so owó náà mọ́ etí ìró, kò kà á, ó ní, "Ẹ ṣeun, Màmá," ó sì gbé òkúta rẹ̀. Mo lọ sí ọjà Ọ̀yẹ́, mo sọ fún àwọn obìnrin tí mo fẹnu sí létí pé irọ́ ni mo pa mọ́ ọn. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Ọ̀kan ní, "A ti gbọ́, Ìyá Kò-Dànù." Orúkọ náà ti dé Ọ̀yẹ́ kí n tó dé ibẹ̀.

Ẹ ò rí i, àrùn tó wà lára mi kò tíì lọ. Nígbà tí Ìyá Dúró ra páànù, tó sì bẹ̀rẹ̀ sí í gbé epo tirẹ̀ lórí wá sí ìlú, ohun tó kọ́kọ́ wá sí mi lọ́kàn ni pé ó fẹ́ gba oníbàárà mi. Aṣọ àrán wà nínú àpótí, mi ò lè wọ̀ ọ́, torí bí mo bá wọ̀ ọ́, obìnrin òṣìkà ni wọ́n máa kí lára mi. Ẹ̀yin obìnrin tí ẹ ń tajà, ìfura loògùn àgbà lóòótọ́, ṣùgbọ́n oògùn tí a bá lò jù, ẹni tó ń lò ó ló ń pa. Kí ẹ tó pe ènìyàn lólè nítorí pé aṣọ rẹ̀ mọ́, ẹ béèrè ibi tí èyí tó dọ̀tí wà. Ìrèlé ni mo ṣì ń rò. Àwọn ará ilé bàbá mi ní kí n máa bọ̀. Ṣé kí n lọ? Bí mo bá lọ, ta ni yóò kù ní Ayédé tó lè sọ pé Ìyá Dúró kò jalè, tí wọ́n á gbà á gbọ́?

Mò ń rò ó lọ́wọ́ ni Ìyá Dúró fi wọlé sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ìró lékèélékèé yẹn náà ló ró. Ó tú etí rẹ̀, ó gbé owó kalẹ̀ sórí ìdérí kẹ́ẹ̀gì. Ó ní, "Owó epo yín rè é, Màmá."

Mo ní, "Epo wo? O ò jẹ mí ní nǹkankan. Mo ti fi jì ọ́."

Ó ní, "Mi ò bẹ̀ yín pé kí ẹ fi jì mí. Ọwọ́ mi ni epo yín wà nígbà tó dànù."

Ọkàn mi ń béèrè pé kí ló wà lẹ́yìn owó yìí, kí ni obìnrin yìí ń wá. Mo na ọwọ́, mo fẹ́ jù ú sínú igbá bẹ́ẹ̀. Ó ní, "Ẹ kà á."

Mo ní, "Mo gbà ọ́ gbọ́."

Ó ní, "Rárá. Ẹ kà á bí ẹ ṣe máa ń kà á. Ẹ gbé e sí oòrùn."

Mo jáde sí ẹnu ọ̀nà. Mo gbé e sókè sí oòrùn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ó dúró tì mí títí mo fi kà á tán. Mo rọra ní, "Ó pé."

Ó ní, "Àlímótù ò gbọ́."

Àlímótù ti pàtẹ sí òdìkejì ọ̀nà lọ́jọ́ náà, ó ti gbé kọ́ńgò dúró lórí gàrí. Àwọn tó ń ra gàrí náà ti yíjú sí wa, àwọn ọmọdé wà láàárín wọn. Mo gbé ohùn mi sókè bí mo ṣe gbé e sókè lórí ìtàgé lọ́jọ́sí, mo ní, "Ìyá Dúró san owó epo mi. Ó pé."